Kọ̀ǹpútà Ilé: Ká Ra Tuntun Ni, Àbí Ká Pààrọ̀ Windows Inú Rẹ̀?

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Bọ̀dá, kọ̀ǹpútà wa ní ká lọ ra òmíràn. Ṣé lóòótọ́ ni?" Ọjọ́ yẹn ni Microsoft ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10, èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2015. Kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ kò kú o. Ó ṣì ń tàn, àwọn ọmọ ṣì ń fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, bàbá ṣì ń fi ka ìròyìn Nàìjíríà lálẹ́. Àmọ́ ìkìlọ̀ ń yọ lójú rẹ̀ ṣáá. Àwọn kan ti sáré lọ ná owó tí wọn ò ní lọ́kàn láti ná. Àwọn kan ní irọ́ ni òyìnbó ń pa kí wọ́n lè rí ọjà tà. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tó ń wá ìdáhùn lè rí i kà.

Kí ló parí gan-an?

Kọ̀ǹpútà ní ara, ó sì ní ètò àgbà tó ń darí ara náà. Ètò àgbà yìí ni òyìnbó ń pè ní operating system. Òun ló ń kọ́kọ́ jí tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, òun ló sì ń pín iṣẹ́ fún àwọn ètò yòókù bíi Word, Zoom àti browser tẹ́ ẹ fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Windows jẹ́ ọ̀kan. macOS ti Apple, ChromeOS ti Google àti Linux tí kò ní olówó kan pàtó ni àwọn yòókù tá a máa ń rí nílé. Àtìlẹ́yìn fún ètò àgbà ló parí, ara kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Èèyàn lè yọ ètò àgbà kan kúrò kó fi òmíràn sí i, bí onílé ṣe lè lé ayálégbé jáde láìwó ilé.

Ìyẹn ò wá sọ pé kẹ́ ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Lóṣooṣù, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, ni Microsoft máa ń dí àwọn ihò tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé. Tí wọ́n bá dí ihò kan lára Windows 11, gbájúẹ̀ á yẹ ibi tí wọ́n dí wò, á wá lọ wò ó bóyá irú rẹ̀ wà lára Windows 10 tí ẹnikẹ́ni ò dí mọ́. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ ni ihò ń pọ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń wọ báǹkì, tẹ́ ẹ fi ń fowó ránṣẹ́ sílé, tí ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù gbogbo ìdílé wà nínú rẹ̀, kò yẹ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì mẹ́ta.

Microsoft kéde àfikún àkókò kan fún àwa ará ilé, wọ́n pè é ní ESU, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Inú Windows Update lèèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá gbà kí àkáǹtì Microsoft rẹ̀ máa tọ́jú ìtòlẹ́sẹẹsẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní san kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, $30 tàbí iye tó bá a dọ́gba ni wọ́n dá lé e. Àkáǹtì kan lè gbé kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Àyè ìrònú ni ẹ fi rà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ń ka èyí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹ fo ìpínrọ̀ yìí.

Ohun mìíràn tún wà tó bá ọ̀rọ̀ yìí rìn. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ọkàn àwọn àgbà ò balẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá pe Mọ́mì tàbí Dádì lórí fóònù pé Microsoft ni òun, pé kọ̀ǹpútà wọn ti kó kòkòrò, kí wọ́n pa fóònù náà. Microsoft kì í ṣàdédé pe èèyàn nílé.

Ẹ kọ iṣẹ́ ilé yín sílẹ̀ ná

Kí ẹ tó wo ọjà kankan, ẹ mú bébà, kẹ́ ẹ kọ ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà nílé àti ohun tó ń fi í ṣe. Mo rò pé ibí yìí ni ìdáhùn wà, kì í ṣe nínú orúkọ ilé-iṣẹ́. Àǹtí kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó fẹ́ ra MacBook nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kan. Nígbà tá a jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, í-meèlì, fọ́ọ̀mù ibi iṣẹ́, YouTube àti ìpàdé àdúrà lórí Zoom ni gbogbo ohun tó ń ṣe. Inú browser ni gbogbo ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà tí kò wọ́n rárá lè gbé e. Ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, torí ó ń ṣèdánwò pẹ̀lú ètò tó máa ń ti gbogbo nǹkan yòókù pa lójú kọ̀ǹpútà kí akẹ́kọ̀ọ́ má bàa jíwèé wò.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ìyẹn, torí pé ọmọ yunifásítì pọ̀ nílé wa. Respondus LockDown Browser ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Mac, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí Chromebook tí ilé-ìwé bá gbà bẹ́ẹ̀. Examplify ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Mac, kò ṣiṣẹ́ lórí Chromebook. Kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux nínú méjèèjì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé kí ẹ tó náwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń lo Photoshop, àti ẹni tí ètò ìṣirò owó okòwò rẹ̀ jẹ́ ti Windows nìkan.

Ṣé Windows 11 lè wọ èyí tó wà nílẹ̀?

Windows 11 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ó fẹ́ RAM 4GB ó kéré tán, ó fẹ́ àyè ìkónǹkan-sí 64GB, ó sì fẹ́ ohun kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ìyẹn ègé kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò. TPM yìí àti ọjọ́ orí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló ń dá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kẹ́ ẹ tẹ R, kẹ́ ẹ kọ tpm.msc sínú àpótí tó yọ. Tó bá sọ pé 2.0, ó dáa. Tó bá ní òun ò rí TPM, ẹ má tíì sunkún, torí lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ó wà níbẹ̀, wọ́n kàn pa á ni. Inú BIOS la ti ń tan án, ìyẹn ibi ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó máa ń ṣí tẹ́ ẹ bá ń tẹ F2 tàbí Delete bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí. Microsoft náà ní ètò ọ̀fẹ́ kan, PC Health Check, tó máa sọ fún yín gbangba bóyá ẹ̀rọ yín yege.

Ní ti ọpọlọ, ti Intel ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 ń gbà, yàtọ̀ sí díẹ̀ nínú ìran keje. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i3, i5 tàbí i7 ni kẹ́ ẹ máa wò. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-7200U jẹ́ ìran keje. Ibí yìí ni àwọn tó ń ta àlòkù ti ń rí èèyàn mú. Wọ́n á kọ "Core i7" gàdàgbà sára ọjà, àwa náà á rò pé i7 ju i5 lọ. Tẹ́ ẹ bá wo ìdí rẹ̀, i7-4600U ni, ìran kẹrin, tó ti wà láti ọdún 2013. i5 ìran kẹjọ sàn jù ú lọ. Àwọn kan tún máa ń fi ọgbọ́n ẹ̀yìn gbé Windows 11 wọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó máa tàn, ó máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ pé àwọn ò ṣèlérí àtúnṣe ààbò fún un. Ẹ béèrè nọ́ńbà yẹn kí ẹ tó yọ owó.

Tó bá di pé rírà ni

RAM 8GB ni mo gbà fún ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀, 16GB fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ tọ́. Ẹ rí i pé SSD ló wà nínú rẹ̀, 256GB ó kéré tán. Àwọn láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú tó ní RAM 4GB àti 64GB tí wọ́n pè ní eMMC, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Windows àti àtúnṣe rẹ̀ nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un, ọdún kan ò ní pé tẹ́ ẹ ó fi máa pariwo. Tẹ́ ẹ bá rí "S mode" lára èyí tẹ́ ẹ rà, ó túmọ̀ sí pé inú ṣọ́ọ̀bù Microsoft nìkan lẹ ti lè mú ètò. Ọ̀fẹ́ ni láti jáde nínú rẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti jáde ẹ ò lè padà. Windows 11 Home náà á béèrè àkáǹtì Microsoft àti íntánẹ́ẹ̀tì kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ ti pèsè í-meèlì àti password sílẹ̀.

Fún owó kan náà, láptọ́ọ̀pù ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tún ṣe, bíi ThinkPad, Latitude tàbí EliteBook tó jẹ́ ìran kẹjọ sókè, máa ń lágbára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Àwa tí a wà ní Bìrìtìkó ní òfin lẹ́yìn. Ohun tá a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò, a ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà; tó bá ní àbùkù, òfin Consumer Rights Act ti ọdún 2015 fún wa ní ọjọ́ 30 láti dá a padà ká gba owó wa. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ aládùúgbò ò ní ààbò yẹn.

Mac dára, kò sí àníàní. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni Apple ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọpọlọ tiwọn tí wọ́n pè ní M1 rọ́pò ti Intel, wọ́n sì kéde ní 2025 pé macOS Tahoe ni èyí tó kẹ́yìn tí yóò wọ Mac oní-Intel. Nítorí náà, MacBook àlòkù tó ń dán gbinrin ní owó kékeré, tó bá jẹ́ oní-Intel, irú wàhálà tẹ́ ẹ ń sá fún lẹ tún ń rà. Ẹ tẹ àmì èso ápù lókè, ẹ tẹ "About This Mac", ibẹ̀ á sọ bóyá M ni àbí Intel. Bákan náà, ẹ ò lè fi RAM kún MacBook Air lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rà á. Ohun tẹ́ ẹ rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà lẹ ó lò dópin.

Chromebook bá irú àǹtí tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè mu. Ọdún mẹ́wàá ni Google ń fún àwọn tuntun ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí irú ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á. Èyí tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ti jẹ nínú ọdún yín.

Linux

Linux ni èèyàn wa ń bẹ̀rù jù, òun ló sì ń gba owó wọn sílẹ̀ jù. Linus Torvalds, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún un ṣe bó ṣe wù ú, ìdí rèé tí oríṣiríṣi rẹ̀ fi wà. Ubuntu jáde lọ́dún 2004. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ni orúkọ náà, ó sún mọ́ ohun tí àwa ń sọ pé èèyàn laṣọ. Linux Mint, tí wọ́n kọ́ sórí Ubuntu, ni mo máa ń fi sí kọ̀ǹpútà àwọn àgbà, torí pé ojú rẹ̀ jọ Windows tí wọ́n ti mọ̀. Ìran kejìlélógún rẹ̀ jáde lọ́dún 2024, àtìlẹ́yìn rẹ̀ sì dé 2029. RAM 4GB tó o. Láptọ́ọ̀pù ọdún 2014 tí Windows 11 lé padà lè lò ó láìmí gúlegúle.

Ẹ lè tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó gbé e mì. Ẹ wá fláàṣì 8GB, kẹ́ ẹ fi ètò bíi Rufus tàbí balenaEtcher gbé Linux Mint sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá tan kọ̀ǹpútà láti ara fláàṣì náà. Windows yín ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó máa falẹ̀ díẹ̀ torí ara fláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi ń mú, bóyá ohùn ń jáde, bóyá kámẹ́rà ń ríran, bóyá printer yín ń tẹ̀wé. Ẹ fi odindi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yọ fláàṣì, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, Windows á jí. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gbé e wọlé pátápátá tẹ́ ẹ sì mú "Erase disk", gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ nìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù náà wà. Microsoft Office gan-an ò wọ Linux. LibreOffice tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ń ṣí fáìlì Word, ṣùgbọ́n tábìlì àti ìlà lè sún kúrò ní àyè wọn, ẹ má fi kọ CV kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láìsọ ọ́ di PDF. WhatsApp ṣe ètò tirẹ̀ fún Windows àti Mac, kò ṣe fún Linux; inú browser lẹ ó ti máa lò ó. Zoom ní ti Linux, ìpàdé àdúrà ò ní bọ́.

Ọ̀rọ̀ kíkọ Yorùbá

Ojú ọjà kì í sọ èyí fún wa, bẹ́ẹ̀ ilé tó fẹ́ kí ọmọ máa kọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa nílò rẹ̀. Gbogbo àwọn ètò àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fi ẹ, ọ àti ṣ hàn. Bí a ṣe ń tẹ̀ wọ́n ló yàtọ̀. Lórí Windows, ẹ lọ sí Settings, ibi èdè, kẹ́ ẹ fi Yoruba kún un, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ á bá a wá. Lórí Linux Mint àti Ubuntu, abẹ́ Nigeria lẹ ó ti rí kíbọ́ọ̀dù Yoruba. Lórí Mac, ẹ mú èyí tí wọ́n ń pè ní ABC – Extended: ẹ di Option mú kẹ́ ẹ tẹ x, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ o, ọ ló máa jáde. YorubaName.com tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ náà ṣe kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ fún Windows àti Mac.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé àmì ohùn ń fò kúrò lórí ẹ́ tàbí ọ̀, fọ́ńtì ló fà á. Lẹ́tà ẹ ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, àmọ́ ẹ́ kò ní. Lẹ́tà àti àmì ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀, fọ́ńtì tí kò mọ iṣẹ́ náà á gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ pààrọ̀ fọ́ńtì, ẹ má pààrọ̀ kọ̀ǹpútà.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé. Láàárín ọdún 1990 sí nǹkan bí 2005, ọ̀pọ̀ èèyàn wa fi fọ́ńtì àkànṣe tẹ Yorùbá: ìtàn ìdílé, oríkì, ètò ìsìnkú bàbá. Tẹ́ ẹ bá gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ńtì náà, wúruwùru ló máa dà. Kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó kúrò nílé, ẹ ṣí wọn lórí rẹ̀ níbi tí fọ́ńtì ṣì wà, kẹ́ ẹ sọ wọ́n di PDF, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Ẹni tó kọ ọ́ lè má sí láyé mọ́ láti tún un kọ.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ ṣe: ọ̀kan sórí hard disk tó ń dá dúró, ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí àwọn password tí browser ti tọ́jú. Lẹ́yìn náà, BitLocker. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows 11, àti àwọn kan tó ní Windows 10, ti fi kọ́kọ́rọ́ ti disk pa láìsọ fún onílé. Tẹ́ ẹ bá yí nǹkan padà nínú BIOS, ó lè béèrè nọ́ńbà gígùn oní-díjíìtì 48. Inú àkáǹtì Microsoft yín ló sábà máa ń wà. Ẹ wọ aka.ms/myrecoverykey, kẹ́ ẹ dà á kọ sínú ìwé, kó tó di pé ẹ nílò rẹ̀.

Èyí tó fẹ́ lọ sílé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fi èyí àtijọ́ ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi Windows 10 tí ihò ti wà lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò tó ń fi wọ báǹkì. Ẹ fi Linux Mint tàbí ChromeOS Flex, tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, sí i, kẹ́ ẹ ṣe gbogbo àtúnṣe rẹ̀ tán níbí, torí pé owó ni dátà nílé. Tó bá jẹ́ Windows lẹ fẹ́ fi sílẹ̀, "Reset this PC", "Remove everything", kẹ́ ẹ sì gbà kó nu disk mọ́, kí fọ́tò àti ìwé yín má bàa bá a lọ. Èyí tí kò tàn mọ́, ẹ má kó o sínú kọ̀ǹténà. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2011 lórí àwọn ẹ̀rọ iná kò fàyè gba kí wọ́n kó pàǹtírí wọlé.

Ẹ wo ara ṣájà. Tí ó bá kọ 100–240V sí i, kò sí ìṣòro níbikíbi, orí tó ń wọ ara ògiri nìkan ló lè yàtọ̀, ti Bìrìtìkó àti ti Nàìjíríà sì bára mu. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti Amẹ́ríkà wá ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Tí bọ́tìnnì pupa kékeré bá wà lẹ́yìn rẹ̀ tó kọ 115, ẹ yí i sí 230 kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bátìrì àfirọ́pò tó bá wà lọ́tọ̀, inú báàgì tẹ́ ẹ máa gbé dání wọ ọkọ̀ òfurufú ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú àpótí tẹ́ ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún wọn.